Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí N Fọwọ́ Sí

Ìdí ààrò gààrí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yunifásítì àti owó ìwádìí ìjọba ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ààfáà ti ṣìnà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi.

Ní ìlú wa, tí kò jìnnà sí Ìwó, àwọn obìnrin tí ń yan gààrí ní ẹgbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ni olórí wọn. Èmi ni akọ̀wé wọn láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe pé mo mọ gààrí yan, ṣùgbọ́n mo kọ́ kéwú lórí wàláà, mo sì ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì débi tí mo fi lè ka lẹ́tà ìjọba kí n sì fèsì sí i. Gààrí yìí náà ni ìyá wa fi rán wa níléèwé. Títí ìyá wa fi jáde láyé, ikọ́ kò fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ a sì máa ṣomi bí ojú ẹni tí ń sunkún. Bí a bá béèrè, a ní, "Èéfín ni."

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ gààrí rí ló ń pè é ní iṣẹ́ kékeré. A óò bó ẹ̀gẹ́, a óò fọ̀ ọ́, a óò gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n rin ín. A óò dì í sápò kí ó kan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a óò fi jákì fún omi rẹ̀ dànù, a óò jọ̀ ọ́, kí a tó gbé agbada kaná. Kíkan yẹn àti iná yẹn ló ń lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ jáde, nítorí náà kò ṣeé kánjú ṣe. Láti ìdájí títí di ìrun Láásárì ni obìnrin yóò fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó ti iná, igbá lọ́wọ́, tí kò ní dáwọ́ rírò dúró. Bó bá dáwọ́ dúró pẹ́nrẹ́n, gààrí ti di kókó, ó ti jóná.

Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí kan wá bá wa láti yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti gba owó ìwádìí lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì fẹ́ kọ́ irú ààrò kan tí kò ní máa rú èéfín, tí kò sì ní máa jẹ igi púpọ̀. Wọ́n ń fẹ́ lẹ́tà tí yóò fi hàn pé ẹgbẹ́ wa àti àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ náà ni. Èmi ni mo rọ àwọn obìnrin náà. Èmi ni mo kọ lẹ́tà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló yọ̀ǹda ààrò tirẹ̀, ààrò tí ìyá wa lò, pé kí wọ́n wó o kí wọ́n fi kọ́ tuntun sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ kan àti ilẹ̀kùn onírin wá láti ìlú ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wọn igi tó jó, tí wọ́n ń wo aago, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Kí á sọ òdodo, ààrò náà dára. Èéfín dín kù, igi kò sì lọ púpọ̀. Àwọn obìnrin ń kí mi kú iṣẹ́ lójú ọ̀nà, mo sì ń dáhùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, irin pẹlẹbẹ náà wọ́, ilẹ̀kùn jábọ́, amọ̀ ẹnu ààrò là. Mo fóònù àwọn olùwádìí náà. Ẹni tó gbé e fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé iṣẹ́ ìwádìí náà ti parí, wọ́n ti ṣírò owó, wọ́n sì ti dá ìwé padà fún àwọn tó fún wọn lówó. Kò bú mi, kò sì purọ́. Kò sí kọ́bọ̀ kan fún àtúnṣe nínú owó náà ni. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, orí òkúta mẹ́ta ní gbangba ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń yan gààrí, páànù kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ló jogún ààrò tuntun. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ààrò Yunifásítì. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ bí mo bá ń lọ sí ilé-kéwú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ìgbà kan bá mi wíjọ́. Ó kàn dẹ́kun láti máa bi mí léèrè ohun tó wà nínú ìwé ni. Bí lẹ́tà bá dé, a ní, "Ààfáà, ẹ gbé e síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 2023, ọmọ kéwú mi kan tẹ́lẹ̀, tí mo kọ́ láti orí álífù, tó ti di olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, wá kí mi ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn Àsálátù. Fáìlì wà ní abíyá rẹ̀.

"Ààfáà, ẹ kú ìsinmi. Ìwé kan ni mo mú wá kí ẹ bá mi fọwọ́ sí."

"Ìwé kí ni?"

"Owó ìwádìí ìjọba ni, Ààfáà. Inú àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò máa ń dùn bí wọ́n bá rí i pé àwa àti àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an la jọ fẹ́ ṣe é. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ní Èkó, kò sí èyí tó dá mi lóhùn. Mo wá rántí àwọn ìyá wa."

"Kí lo fẹ́ bá wọn ṣe?"

"Ààrò gààrí ni."

N kò sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo mú un lọ sí àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ààrò Yunifásítì hàn án. Ewúrẹ́ méjì ló dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wò ó títí. Ó ní òun kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Mo ní ó yẹ kó ti gbọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó wá ìwé náà rí, ó sì mú un wá fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ewé mọ́kànlá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú fọ́tò kan, igbá sì wà lọ́wọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Iye igi tó jó ní ọjọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, ó pé géérégé. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò sí níbẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀. Kí n tó lè tún dúró níwájú àwọn obìnrin náà, mo fẹ́ mọ owó tí à ń wí yìí, ibi tó ti ń wá àti ẹni tó ni ín. Ó bá mi wá àwọn ìwé kan, mo sì kà á láàárín ìrun Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì fún bí oṣù kan.

Ọ̀pọ̀ owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún yunifásítì wa láti fi kọ́lé àti láti fi ṣèwádìí, inú àpò tí wọ́n ń pè ní TETFund ló ti ń wá. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa yọ ìdá 2 nínú 100 èrè rẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Ní 2011, òfin mìíràn sọ ọ́ di TETFund, ó sì fi owó náà mọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Nígbà tó yá, ìdá 2 di 2 àbọ̀, ó sì di 3 ní 2023. Nínú òfin owó orí ti ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, wọ́n kó irú owó bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó di ìdá 4 nínú 100, wọ́n sì ní kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti TETFund. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpín ogún, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ṣírò rẹ̀. Ìdajì 4, 2 náà ni. A rìn títí, a tún bá ara wa níbi tí a ti gbéra.

Ẹni tó bá wọ ọgbà yunifásítì ìjọba yóò rí orúkọ TETFund lára ògiri, ilé sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n apá kan wà fún ìwádìí. Fún ìpín ti ọdún 2020, bílíọ̀nù 7.5 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ sínú àpò ìwádìí tí wọ́n ń pè ní National Research Fund. Owó kékeré kọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì, èyí tó ń ṣe símẹ́ńtì, gbogbo wọn ni wọ́n ń san án, ó sì ń ti ọwọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ tó ń ná an kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, kò rí èsì kan gbà. Ó dà bí ọkùnrin tó ń san owó orí ìyàwó lọ́dọọdún tí kò sì mọ ọ̀nà ilé àna rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí báyìí. Láti ọdún 1956 ni ilé ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní FIIRO ti wà ní Oṣòdì, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ó ṣe máa fi ẹ̀rọ ṣe gààrí láti ìgbà pípẹ́. IITA wà ní Ìbàdàn láti 1967, irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mú jáde níbẹ̀ sì ti dé oko wa. Mo ronú lórí ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì. Ẹ̀gẹ́ tètè dé nítorí pé àgbẹ̀ kan lè gé igi rẹ̀ fún àgbẹ̀ kejì, kò sì sí ẹni tó ní láti wá tún un ṣe. Ààrò kò rí bẹ́ẹ̀. Ààrò ń fẹ́ ẹni tí yóò tún irin rẹ̀ rọ, ní tòsí, ní owó tí aláràn-án gààrí lè san. Nínú gbogbo ìwé ojú ewé mọ́kànlá yẹn, wọn kò dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo tún yíjú sí àwọn ìwé tèmi. Ní Bàgídáàdì, ní àkókò Kálífà Al-Ma'mun, tó jọba láti ọdún 813 sí 833, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ìwé kan lórí ìṣirò. Nínú orúkọ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ náà al-jabr wà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń sá fún ní sẹ́kọ́ńdìrì lábẹ́ orúkọ algebra. Kálífà fúnra rẹ̀ ló gbà á níyànjú láti kọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé apá ńlá nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ ìpín ogún àti wásíyà ni: ọkùnrin kú, ó fi ìyá, ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ó jẹ gbèsè, ó sì ti ṣèlérí fún àjèjì kan, èló ni ti olúkúlùkù? Ó sì kan òwò ṣíṣe, ilẹ̀ wíwọ̀n àti ipa omi gbígbẹ́. Àwọn ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn adájọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn awọnlẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé náà gbé lọ sílé, agboolé ìjọba sì ló ń tì í lẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ ìgbà tiwa náà wà, inú àpò àwọn ọmọ kéwú mi ló sì wà. Kò sí èyí tí kò ní kíké Àlùkùránì Sheikh al-Husary nínú fóònù, MP3 ni wọ́n sì ń pè é. Ní ìlú Erlangen ní Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan, Dieter Seitzer, fẹ́ kí orin lè máa gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Karlheinz Brandenburg, fi ọ̀nà àtifún ohùn kéré ṣe iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní 1989. Kó tó parí, ní 1987, yunifásítì náà àti ilé ìwádìí Fraunhofer ti wọnú iṣẹ́ àjọṣe kan lórí rédíò tuntun, lábẹ́ ètò EUREKA tí àwọn ìjọba Yúróòpù dá sílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 1995 ni wọ́n mú orúkọ .mp3. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lò ó nínú ọjà rẹ̀ ń san owó. Ní ọdún 2005 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 Yúrò ló wọlé fún Fraunhofer. Wọ́n ń gbà á bẹ́ẹ̀ títí di 2017.

Fraunhofer yìí, ìjọba kì í fún un ní gbogbo owó tó ń ná. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyókù, àfi kó lọ wá a nípa iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn mìíràn bá gbé fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn láti 1975: ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni wọ́n ń mú lọ sínú ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro ilé-iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, olùkọ́ rẹ̀ ń tọ́ ọ sọ́nà, ìjọba san apá kan owó rẹ̀, ilé-iṣẹ́ san apá kan. Èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n gbé ọmọ náà jókòó sí.

Mo pe àwọn obìnrin náà jọ sábẹ́ igi furúùtù tó wà níwájú mọ́sálásí. Ọmọ kéwú mi kí wọn, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ṣàlàyé pé ìjọba ń fẹ́ kí yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ jọ máa ṣèwádìí, pé àwọn ìyá òun wọ̀nyí sì ni ilé-iṣẹ́ tí òun mú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Ilé-iṣẹ́! Èmi tí n kò ní ṣọ́ọ̀bù!" Òmíràn ní bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni àwọn, kí wọ́n wí fún òun ẹni tó ń jẹ owó oṣù òun láti ọjọ́ yìí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ènìyàn mẹ́rìndínlógójì bá ń ra ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń san owó ẹ̀rọ, tí wọ́n ń ra igi, tí wọ́n ń ta àpò gààrí fún àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn àti Èkó ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ni a tún ń pè ní ilé-iṣẹ́? Àwa la kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, o káre. Ṣé o ti yan gààrí rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Wá ní ọjọ́ Àtàláátà. Bí o bá yan gààrí láti àárọ̀ títí di Láásárì, màá gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ."

Ó wá. Mo jẹ́rìí sí i, nítorí mo wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó di agogo mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ti sún ìjókòó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, afẹ́fẹ́ sì ń gbé èéfín tẹ̀lé e. Ó jó agbada kan níná, wọ́n kó o fún adìyẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó béèrè ìdí tí gbogbo wọn fi jókòó ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, tí ẹnìkan kò kọjú sí iná. Wọ́n ní bí a bá kọjú sí i, ooru tó ń ti inú gààrí tútù jáde yóò bo èèyàn lójú, ó sì ń ta ojú ju èéfín igi lọ. Ó tún béèrè bóyá ẹ̀yìn kì í dùn wọ́n. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan fi ibi tó ń dùn ún hàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ohun kan tó yẹ kí ẹnìkan ti bi í ní 2014. Ó ní, "Igi kọ́ ni wàhálà wa. A ń rí igi rà. Ojú àti ẹ̀yìn ni."

Ojú ewé méjìlélógún ni ìwé ọmọ náà kó tó wá, iye igi tí ààrò yóò jẹ ló sì kún inú rẹ̀. Ó mú un padà lọ, ó tún un kọ.

A tún pe wẹ́dà tó wà lẹ́bàá gáréèjì. Ó wo irin tó wọ́ lára Ààrò Yunifásítì, ó fi ọ̀ọ̀lù kàn án, ó ní irin náà fẹ́lẹ́ jù fún iná ọjọ́ kan dé ọjọ́ kejì. Ó ní irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú ni òun ìbá lò. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó ní, "Ààfáà, wọn kò bi mí."

Ibi ìwé wá kù. Gbogbo ẹni tó bá ti ka Sūratul-Bakara mọ̀ pé āyá tó gùn jù nínú Àlùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé nígba, ọ̀rọ̀ gbèsè àti àdéhùn ni: kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé má ṣègbè, kí ẹlẹ́rìí wà, kí ó má sì sú wa láti kọ ọ́, ìbáà ṣe kékeré ìbáà ṣe ńlá. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní āyá yìí. Bẹ́ẹ̀ ní 2014, mo fọwọ́ sí lẹ́tà kan tí kò sọ ju pé inú wa dùn láti bá wọn ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kó ọjà Hadíjà lọ sí Ṣáámù, ọjà jẹ́ ti ẹnìkan, iṣẹ́ jẹ́ ti ẹnìkejì, àdéhùn sì ti wà láàárín wọn kí ràkúnmí tó gbéra. Èmi tí mo mọ ìtàn náà ni mo gbé ààrò ìyá mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìní àdéhùn kan. N kò lè di gbogbo rẹ̀ ru àwọn olùwádìí yẹn. Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gbé wọn ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi ni akọ̀wé àwọn obìnrin náà.

Nítorí náà, mo jókòó, mo kọ ojú ewé méjì ní èdè Yorùbá, ọmọ náà sì kọ ẹ̀dà rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. A kọ ọ́ pé ẹnìkan kò ní wó ààrò àtijọ́ títí tuntun yóò fi yan gààrí la ìgbà òjò kan àti ìgbà ẹ̀rùn kan kọjá. A kọ ọ́ pé wẹ́dà ìlú wa ni yóò rọ irin rẹ̀, pé inú owó ìwádìí ni wọn yóò ti san án, àti pé wọn yóò ya owó àtúnṣe ọdún kan sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ mìíràn. A kọ ọ́ pé obìnrin tí wọ́n bá ya ọwọ́ rẹ̀ ní fọ́tò, bó bá fẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, àti pé ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n wá sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá lábẹ́ igi furúùtù kí wọ́n tó lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ibì kan ṣoṣo ni a ti fa ọ̀rọ̀. Ta ni yóò ni ààrò náà bó bá dára? Ọmọ náà ní òfin yunifásítì òun ni pé ohun tí olùkọ́ wọn bá ṣàwárí, ti yunifásítì ni. Àwọn obìnrin ní kí wọ́n máa lo ojú àwọn, kí wọ́n máa lo ẹ̀yìn àwọn, kí àwọn sì wá máa sanwó láti rọ ọ́? Kò bá wọn jiyàn. Ó lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó padà, mo ti ń rò pé a kò tún ní rí i mọ́. Ìgbà tó padà, ó mú lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ dání pé wẹ́dà ìlú wa lè máa rọ ọ́ tà láìsan nǹkan kan fún yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ààfáà, ẹ mú tàdáwà wá."

Èmi náà fọwọ́ sí i. Igbákejì Lèmọ́mù àti wẹ́dà jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, èsì dé pé ìbéèrè náà kò bọ́ sí i lọ́dún náà. Ẹsẹ̀ mi wúwo nígbà tí mo ń lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń jọ̀ gààrí lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró.

"Ìwé wa ńkọ́?" ó bi mí.

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ tọ́jú rẹ̀."

Ọmọ náà tún fi ìbéèrè náà ránṣẹ́, a kò sì tíì gbọ́ èsì ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, wẹ́dà wọ àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Irin akẹ́rù kan wà léjìká ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ó lé àwọn ewúrẹ́ jáde nínú Ààrò Yunifásítì, ó fa tépù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí fún un jókòó, ó sì rán ọmọ sí mi ní ilé-kéwú pé kí n mú bírò bọ̀, kí n wá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.